Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Agbẹjọ́rò Tí Ń Gbé Láàrin Wa ní Agboju, Festac àti Amuwo-Odofin

Ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa,

Mo kí ẹ̀yin àgbà amòfin tí ewú orí yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun ju irun ilé-ẹjọ́ tí ẹ ń dé lọ, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pè sí iṣẹ́ náà, tí aṣọ tí àwọn òbí yín fi jó lọ́jọ́ ìpè yín kò tíì ṣá. Ẹ má ṣe bínú pé gbangba òde ni mo ti na ìwé yìí sí yín, tí n kò kan ilẹ̀kùn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ilé yín ni, ohun tí ó sì gbé kálámù lé mi lọ́wọ́ gan-an nìyẹn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ní Agboju yìí. Mo mọ ilé télọ̀, mo mọ ilé bíríkìlà àti ti ẹni tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mo mọ ilé nọ́ọ̀sì tí a lè lọ jí lóru bí ara ọmọ bá gbóná, mo mọ ilé pásítọ̀, mo mọ ilé àfáà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní kí n mú òun lọ sí ilé amòfin kan ṣoṣo láti ọjà Agboju títí dé Alakija, ibi tí mo bá dúró sí náà ni ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ẹ wà níbẹ̀. Mo ń rí yín ní ìdájí, nígbà tí a bá ń ti ibi ìrun Àsùbáà bọ̀, tí ọkọ̀ yín ń yọ láti inú Festac àti láti àárín àdúgbò wa, tí ó ń sáré já sí òpópónà Badagry kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile Two má baà ká yín mọ́. Aṣọ dúdú yín a máa rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀já funfun ọrùn yín a sì wà nínú láílọ́ọ̀nù lókè rẹ̀ kí eruku má baà kàn án. Ikeja ni ẹ ń lọ, ìsàlẹ̀ Èkó ni ẹ ń lọ, Apapa ni ẹ ń lọ, láti lọ gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò. Bí ẹ bá fi máa padà, a ti ti ilẹ̀kùn, a ti sùn. Àwọn baba wa ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àìgbẹ́ èèkù yìí ti ṣe wá.

Obìnrin kan wà tí ń ta ata àti ẹ̀fọ́ nínú ọjà wa. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, nítorí pé mo jẹ́ tíṣà nígbà kan rí, àwọn ènìyàn sì gbà pé kò sí ìwé tí tíṣà kò lè kà. Láti inú láílọ́ọ̀nù dúdú tí ó fi ń di ọjà fún oníbàárà ni ó ti yọ ìwé kan, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó tó gbé e fún mi. Risíìtì owó ilé mẹ́rin wà pẹ̀lú rẹ̀, tí ó fi pínnì so pọ̀, tí ata ti pọ́n etí wọn. Ohun tí ìwé náà wí ni pé kí ó kó jáde láàrin ọjọ́ méje. Owó ọdún kan ni ó san, oṣù márùn-ún sì kù nínú rẹ̀.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Òǹtẹ̀ pupa kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òǹtẹ̀ náà sì dẹ́rù bà wá, àtèmi àtobìnrin náà. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, ìmọ̀ràn tí ó wà lẹ́nu mi kò ju pé kí ó lọ bẹ onílé. Ó lọ, ó kúnlẹ̀, onílé kò gbà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà, kí ojú má baà tì í níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó fi òru kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀nà Badagry lọ́hùn-ún, àkọ́bí rẹ̀ kò sì lè ṣe ìdánwò ní sáà ẹ̀kọ́ yẹn.

Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, níbi ìsọmọlórúkọ kan, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó pọ̀ nídìí tábìlì kan náà. Amòfin ni. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbà ni ó délẹ̀ tí mo fi sọ ìtàn opó yìí. Ó gbé síbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òfin tí ó de onílé àti ayálégbé wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2011. Pé bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàrin wọn, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ẹni tí ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí, oṣù kan sì ni ti ẹni tí ń san án lóṣooṣù. Pé ìwé ọlọ́jọ́ méje tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá yẹn, ẹ̀yìn tí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ bá pé ni ó ń tẹ̀ lé e, kì í sì í ṣe pé kí ènìyàn kó jáde ni ó wí bí kò ṣe pé onílé fẹ́ gba ilé-ẹjọ́ lọ. Pé ilé-ẹjọ́ nìkan ni ó lè lé ayálégbé, kì í ṣe òǹtẹ̀ pupa. Pé kò tọ́ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àti pé dandan ni kí ó kọ risíìtì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láàrin ìgbà tí a fi bu ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ife kan. Mo wá bi í pé níbo ni ó ń gbé. Ojúlé karùn-ún sí ilé tí opó náà ti kó jáde lóru ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojúlé karùn-ún. Láti ọjọ́ náà ni oorun mi kò ti fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́, nítorí pé n kò rí ìwà ìkà kankan lára ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Omijé gan-an lé ròrò sí i lójú. Kò mọ̀ ni. Àwa náà kò mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ má baà rò pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò lè tẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kan ọkùnrin kan tí púpọ̀ nínú yín bá pàdé, tí àwọn mìíràn nínú yín sì ti ka ìdájọ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé òfin: Ọmọ-ọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu, ọmọ Asunkúngbadé, tí ó papòdà ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹrin ọdún 2023 ní ẹni ọdún 89. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí baba rẹ̀, Ọba Abdul-Salam Ajíbọ́lá Gbádélà Kejì, gorí ìtẹ́ Olówu ní 1949, nítorí náà ojú rẹ̀ kò ṣàì tó ohun tí ń jẹ́ kí ènìyàn méjì wọ ààfin pẹ̀lú ìjà, kí wọ́n sì jáde pẹ̀lú obì. Mùsùlùmí ni ilé wọn, síbẹ̀ ilé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ni ó lọ, ti Òwu nígbà tí ó kéré, lẹ́yìn náà Baptist Boys' High School. Ẹ̀kọ́ tí ó gbà níbẹ̀ kò bà á ní ìmàle jẹ́, ìmàle rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó kóríra àwọn tí ó kọ́ ọ. Ní 1962 ni a pè é sí iṣẹ́ amòfin ní Lincoln's Inn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wá sílé wá ṣiṣẹ́.

Ẹ mọ ipò tí ó dé jù mí lọ. Ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ yín ní 1984 sí 1985. Ó ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ láti 1985 dé 1991. Nígbà tí Taslim Elias, ọmọ Èkó tí ó jẹ́ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣe ààrẹ ilé-ẹjọ́ àgbáyé, kú ní 1991, Ajíbọ́lá ni a yàn láti parí sáà rẹ̀ ní The Hague, títí di 1994. Nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ Bakassi dé ilé-ẹjọ́ náà, òun ni Nàìjíríà rán lọ jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tí kò fara mọ́ fífún Kamẹrúùnù ní ilẹ̀ náà ní ọdún 2002. N kò ní fi dídùn bo kíkorò: ìjọba ológun ni ó bá ṣe mínísítà, ìjọba tí ń ti ènìyàn mọ́lé láìgbọ́ tẹnu wọn, tí ó ti amòfin Gani Fáwẹ̀hìnmi náà mọ́lé. Àwọn kan kò dárí èyí jì í, n kò sì ní kí wọ́n dárí rẹ̀ jì í nítorí lẹ́tà tèmi. Òkìkí tí ó tẹ̀ lé e jáde nínú ìjọba yẹn náà, síbẹ̀, ni pé kò gba owó oṣù mínísítà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí The Hague ni mo fi pe orúkọ rẹ̀. Nítorí ohun tí ó ṣe nígbà tí ó padà sílé ni. Ẹni tí ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí ó lè kọ́ ilé sí ìlú òyìnbó kí ó máa fi òtútù dára yá, Abẹ́òkúta ni ó wá. Ẹgbẹ́ ìmàle tí ó dá sílẹ̀, Islamic Mission for Africa, ni ó fi dá Yunifásítì Crescent sílẹ̀ nínú ìlú baba rẹ̀ ní 2005. Ilé ẹ̀kọ́ òfin tí ó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ọmọ rẹ̀ kan, Ṣẹ́gun, wọ ẹsẹ̀ baba, òun náà sì di SAN. Ẹ wo bí Ajíbọ́lá ti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ilé, ìgbàgbọ́ àti ìlú, bí ẹni ń so okùn ẹrù: ó mọ̀ pé bí a bá tú ọ̀kan, ẹrù yóò dànù.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jọ mí lójú ju ipò lọ. Àwọn baba wa sọ ọ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọkùnrin yìí, tí ó jẹ́ pé kóòtù ni ó fi jẹun, gba òwe náà gbọ́. Nígbà tí ó wà nípò mínísítà ni a ṣe òfin ìlàjà àti ìparí ìjà ti ọdún 1988, èyí tí ó fún àwọn oníjà láǹfààní láti yan ẹni tí yóò parí ọ̀rọ̀ fún wọn láìdé iwájú adájọ́; kò sì tíì pé oṣù méjì tí a sin ín tí wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀ ní Abuja, tí wọ́n fi ìlàjà kún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí a tọ́ nítòsí ààfin kò lè gbàgbé pé kí á tún ilé ṣe sàn ju kí á mọ ẹni tí ó jàre.

Bí mo bá sì tún wo ẹ̀yìn ju ìyẹn lọ, mo rí Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró ní 1855, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di amòfin. Ní 1879 ni a pè é ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1888 ni ó fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ Èkó, láti 1901 títí ó fi kú ní 1915 ni ó sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gbé òfin dídi ìwé ìròyìn lẹ́nu kalẹ̀ ní 1909, ó dìde, ó lòdì sí i. Bí iṣẹ́ yín ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Agboju. Ẹ mọ irú ìlú tí a jẹ́. Ilẹ̀ Àwórì ni a wà. Festac tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, àjọ̀dún àṣà gbogbo aláwọ̀ dúdú ti 1977 ni wọ́n kọ́ ọ fún, lẹ́yìn náà ni ìjọba pín ilé rẹ̀ fún ará ìlú. Àwọn tí wọ́n gba ilé nígbà náà ti ń lọ sọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba kú, ìwé ilé wà nínú àpótí, ọmọ mẹ́rin láti ọwọ́ ìyá méjì jókòó sí pálọ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ìgbésẹ̀ tí ó kàn, oníkálukú sì ń fi ojú burúkú wo ẹnì kejì. Irú ìjà báyìí ni amòfin kan tí ó ń gbé òpópónà kejì lè fi wákàtí kan dá dúró, kí ó tó di ẹjọ́ tí yóò gba ogún ọdún, tí yóò sì jẹ ilé náà tán kí ìdájọ́ tó dé.

Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Igbo pọ̀ láàrin wa, nínú ọjà wa àti nínú àwọn ìjọ wa. Obìnrin mélòó nínú wọn ni ó mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa ti sọ ọ́ ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje tí ó ti Èkó níbí bẹ̀rẹ̀, pé àṣà tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún baba rẹ̀ kò bá ìwé òfin ilẹ̀ wa mu? Mo sọ ọ́ fún ìyá kan tí ń ta aṣọ òkìrìkà. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.” Mo tún un sọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ti ń kọ ọ́ ni mo ń rò ó pé kí ni èmi mọ̀ tí n óò kọ, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń gbé lẹ́yìn ògiri.

N kò ní gbàgbé ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta ọdún 2020, tí iná bú gbàù ní Abule-Ado, tí ilẹ̀ mì dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ó lé ní ogún ènìyàn tí ó kú. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin, Bethlehem, wó. Arábìnrin mímọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá wọn kú níbi tí ó ti ń gba àwọn ọmọ là. Àwọn ìjọ kó aṣọ jọ, àwọn mọ́sáláṣí gbé oúnjẹ wá, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wó tí ìwé ilẹ̀ sì bá a jóná, aṣọ kọ́ ni ó nílò jù. Ó nílò ẹni tí yóò bá a kọ ìwé ìbúra, tí yóò sọ fún un ibi tí yóò ti gba ẹ̀dà, tí yóò ka ìwé kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyẹn náà jẹ́ sàráà, ẹ̀yin Mùsùlùmí inú yín. Ìdámẹ́wàá ni, ẹ̀yin onígbàgbọ́. Owó nìkan kọ́ ni Ọlọ́run fún yín tí yóò béèrè ìpín tirẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ fún wa ní Sátidé kan lóṣù, láti aago mẹ́wàá sí aago kan. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. N kò ní kí ẹ máa gba ẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà ń san owó ilé-ìwé, ẹ sì ń ra epo ọkọ̀. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé òfin iṣẹ́ yín kò fẹ́ kí ẹ máa kiri oníbàárà bí ọlọ́jà, n kò sì fẹ́ kí ẹ kiri. Ìtọ́ka ni púpọ̀ nínú wa nílò. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì tí ń gba ẹjọ́ aláìní rò, èyí tí wọ́n ń pè ní OPD. Ó ní ilé ìlàjà, Citizens' Mediation Centre, tí a kì í san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sì ti ní Legal Aid Council láti 1976. Ẹnu ọ̀nà àwọn ilé wọ̀nyí ṣí sílẹ̀, opó tí mo ń sọ kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Bí ẹnìkan bá kọ nọ́ńbà ọ́fíìsì sórí bébà kan fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì bá tí gun Márúwá lóru.

Ẹ̀yin alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin, ẹ dákun, ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín kò ju yàrá kan lọ, tí ó ní àga mẹ́fà àti fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí yàrá kò bá tíì sí, ìjọ kan ládùúgbò wa ti gbà kí a lo gbọ̀ngàn wọn, àwọn àgbà mọ́sáláṣí wa sì ti gbà kí a lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. A óò máa pààrọ̀ wọn ní ìpàdé-ìpàdé, kí Kìrìsìtẹ́nì lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí, kí Mùsùlùmí sì lè wọ gbọ̀ngàn ìjọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Olówu ti wọ ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi tí ó sì jáde ní pípé.

Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, mo ti fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí a ó padà wá. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀ ni mo fi sí. Obìnrin aláta náà ti padà sí ọjà wa, ó ti gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ó ti sanwó láti oṣù tó kọjá, onílé tuntun kò sì tíì fún un ní risíìtì.

Èmi ni,
Tíṣà àtijọ́ kan ní Agboju